Oríṣi òògùn mọ́kànlá nínú náílọ̀nù kan, ẹ̀jẹ̀ mi ò sì gòkè

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí mọ ìtàn mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sọ fún mi ní Ìkẹjà pé làkúrègbé tèmi kì í ṣe ti àgbà, pé rheumatoid arthritis ni, ara mi fúnra rẹ̀ ló ń bá oríkèé mi jà. Methotrexate ni mò ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti mú ìjà yẹn rọlẹ̀, prednisolone kékeré láràárọ̀, àti folic acid, fítámì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá lálẹ́ yìí nìyí. Kẹ́hìndé ọmọ mi ló da náílọ̀nù dúdú tí mò ń kó òògùn sí sórí tábìlì lánàá. Ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń pàtẹ àlùbọ́sà. Oríṣi mọ́kànlá! Mẹ́ta péré ni dókítà kọ. Mẹ́jọ tó kù, èmi ni mo rà wọ́n: òmíràn lọ́wọ́ kémíìsì, òmíràn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń ti Kétu bọ̀, òmíràn torí pé ìyàwó pásítọ̀ ní ó bá òun lára mu. Ọmọ yìí wá ń ka ẹ̀yìn páálí, ó ní, "Mọ́mì, mẹ́rin nínú ìwọ̀nyí ló ní irin. Síńkì wà nínú mẹ́ta." Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fọ̀.

Bẹ́ẹ̀ PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, ò kúrò ní 29 láti oṣù kẹta, kò sì tó. Kí n ti ilé dé ẹnu ọ̀nà ọjà, màá ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Òògùn ẹ̀jẹ̀ olómi ni mò ń mu bí ẹni ń mu zobo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ń ṣe, èwo ni kí n mú, èwo ni kí n jù nù? Kí ni mo sì lè máa jẹ? Ọwọ́ mi ò gbà kí n fún ẹ̀fọ́ mọ́. Bí mo bá ti gé e báyìí, inú ọbẹ̀ ló ń lọ.

Alákòóso

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Káwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tó kà níbí dá òògùn dókítà dúró o, pàápàá prednisolone. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ ò gbọdọ̀ já a lójijì. Ẹni tó bá sì wá tajà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, màá yọ ọ́. Mi ò ní kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì Àfẹ̀yìntì, Ìgbógbó

Ìyá Ìbejì, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò rí ọjọ́ kan tí irú náílọ̀nù dúdú bẹ́ẹ̀ ò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ dà bí àgbàdo nínú àká. Bí ara bá ń wú, tó ń gbóná láti inú, ohun tó rò ni pé kòkòrò àrùn ti wọlé, kòkòrò sì fẹ́ràn irin. Ẹ̀dọ̀ á wá tú nǹkan kan jáde tí wọ́n ń pè ní hepcidin, òun ló ń ti ilẹ̀kùn àká pa. Irin ń bẹ nílé, ẹ̀jẹ̀ ò rí i lò. Èyí tẹ́ ẹ gbé mì láàárọ̀ pàápàá, ìfun ò ní jẹ́ kó wọlé tó bó ṣe yẹ, ilé ìgbẹ́ ló ń lọ. Tó bá jẹ́ pé àká tó tì pa ló fà á, ìgò òògùn ẹ̀jẹ̀ mẹ́wàá ò lè ṣí i. Ìgbà tí òògùn làkúrègbé yín bá mú wíwú yẹn rọlẹ̀ ló máa ṣí.

Àmọ́ ó lè jẹ́ pé àká ṣófo lóòótọ́. Ṣé ẹ̀ ń lo diclofenac tàbí ibuprofen? Wọ́n máa ń ha inú, ẹ̀jẹ̀ á máa kán díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ìgbẹ́ tó bá dúdú bí ọ̀dà jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n òògùn irin náà ń sọ ìgbẹ́ dúdú, torí náà ẹ má fojú lásán dá a mọ̀. Méjèèjì sì lè pàdé lára ẹnì kan.

Tẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ máa béèrè fún ni ferritin, kí wọ́n ṣe CRP mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ferritin ló ń sọ bí àká ṣe kún tó, CRP ló ń sọ bí ara ṣe ń wú tó. Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà wà: bí ara bá ń wú, ferritin máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, á wá dà bíi pé irin pọ̀ nílé. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kọ ọ́ ní 2020 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí ferritin rẹ̀ ò tó 15, irin ò tó lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ń wú, bí kò bá ti tó 70, kí wọ́n ka òun náà mọ́ wọn. Lábù lè fi ìwọ̀n ti alára líle sórí ìwé gbogbo èèyàn. Ẹ mú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ pé làkúrègbé ń ṣe yín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Ni Mí

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kọ̀, ẹ ò wá ra ẹja lọ́dọ̀ wa, inú oníhóró lẹ ń kówó sí!

Ìyá mi ń lo prednisolone nítorí ikọ́ fée. Òògùn yẹn ń jẹ egungun lábẹ́lẹ̀. Kì í jẹ́ kí ìfun gba kálísíọ̀mù tó, egungun á wá máa fúyẹ́ títí tó fi máa kán nítorí ìṣubú tí kò tó nǹkan. Ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ jẹ́ 1,000 mílígíráàmù, obìnrin tó bá ti lé ní 50 ọdún nílò 1,200. Ife wàrà kan ní tó 300. Ṣùgbọ́n bí màámi bá mu wàrà, inú wọn á máa kùn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tí a wá ń ṣe ni pé a máa ń ra ṣáwá yíyan, èyí tó gbẹ dáadáa tí egungun rẹ̀ ń rún lẹ́nu. A óò gún un mọ́ edé, a óò dà á sínú ike, ṣíbí méjì sínú ọbẹ̀. Inú egungun yẹn ni kálísíọ̀mù wà o! Ẹni tó yọ egungun sọ nù, ó ti ju èyí tó dára jù fún ológbò. Ṣáwá àti títù tún lọ́ràá, inú ọ̀rá yẹn ni omega-3 àti fítámì D díẹ̀ wà. Ẹ̀pìyà ò bá wọn dọ́gba níbi ká sọ ti ọ̀rá, bó ti wù kó dùn tó nínú ìkọ́kọrẹ́.

Iyọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Prednisolone ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, ojú àti ẹsẹ̀ á wú. Ẹja tí wọ́n bá fi iyọ̀ pa, a máa ń fi omi gbígbóná ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, a ò sì ní fi magí sí ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn.

Kẹ́mi Àgbádárìgì

Ẹ kú ìfaradà, màmá. Lupus ló ń ṣe èmi, òun náà jẹ́ àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, ó sì ti dé kíndìnrín mi. Ohun tí kò sẹ́ni tó tètè sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ pé àgbọn ni ìlú wa. Omi àgbọn là ń mu bí ẹlòmíì ṣe ń mu píọ̀ wọ́tà. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń ní kí n máa mu ún, pé ó ń fọ inú, pé fítámì kún inú rẹ̀. Potásíọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Ti ife kan lè ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Lisinopril tí mò ń lò nítorí kíndìnrín sì máa ń dá potásíọ̀mù dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Àgbọn mẹ́ta lóòjọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbé mi. Àyà mi á já pà, á dákẹ́, á tún já. Wọ́n ní potásíọ̀mù mi ti kọjá 6. Ọjọ́ méjì ni mo fi sùn sílé ìwòsàn tí wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, kó mu omi àgbọn rẹ̀. Èmi ti fi sílẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ ìlera, èyí tí wọ́n ní ó dára fún ìfúnpá gíga, potásíọ̀mù wà nínú òun náà.

Bàbá Odógùnyàn

Ọ̀rọ̀ Kẹ́mi yìí ló jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ẹ má tíì sáré lọ ra fítámì D o.

Sarcoidosis ni tèmi. Kókó kéékèèké ló ń yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró àti níbòmíì. Ibìkan tí mi ò ní dárúkọ ti fi òògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ wò mí fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe òun. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ prednisolone, àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́ pé ó ń jẹ egungun, ó bá fi fítámì D ránṣẹ́ sí mi, oníhóró 50,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka fítámì D). Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo irú ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e mì.

Nínú àìsàn tèmi, àwọn kókó yẹn fúnra wọn máa ń sọ fítámì D di èyí tó lágbára jù, láìdúró de kíndìnrín tó ni iṣẹ́ yẹn. Kálísíọ̀mù á wá kún inú ẹ̀jẹ̀. Òùngbẹ gbẹ mí títí, mo ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóru, ìgbẹ́ gan pa, mo ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ ọmọ mi. Ìyàwó mi rò pé àrán ti ń ṣe mí. Òkúta kíndìnrín ló wá fi dókítà mọ̀nà.

Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í ṣe tèmi, 600 IU lóòjọ́ ni wọ́n ní àgbàlagbà nílò, 800 fún ẹni tó ti lé ní 70 ọdún. Kéèyàn kọjá 4,000 lóòjọ́ láìsí dókítà níbẹ̀ kò dára. Ẹ ṣírò 50,000 lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ wò ó.

Kẹ́mi Àgbádárìgì

Háà, Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi tún yàtọ̀ síyẹn. Oòrùn máa ń ru lupus sókè, mi ò lè yá a, agboòrùn ò kúrò lórí mi. Fítámì D mi sì wálẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà ló wá kọ ọ́ fún mi.

Ìwòsàn Dé Tán

Màmá, ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì. Kápúsù ata ilẹ̀ pupa tí a ní yìí, oṣù kan péré, làkúrègbé á di ìtàn, ẹ ò ní nílò

*[Alákòóso ti yọ ìyókù ọ̀rọ̀ yìí àti ẹni tó kọ ọ́.]*

Nọ́ọ̀sì Àfẹ̀yìntì, Ìgbógbó

Ẹ ṣeun, Alákòóso. Ata ilẹ̀ pupa nínú ọbẹ̀, kò sí wàhálà. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú kápúsù ni mi ò fẹ́, ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, methotrexate tí Ìyá Ìbejì ń lò sì ti gbé ẹrù lé ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀. Paraga àti àgbo olọ́tí ńkọ́? Ẹ jìnnà sí wọn.

Mo gbàgbé eléyìí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹni tó ń lo methotrexate, ẹ mú bírò, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ sára páálí rẹ̀: "ỌJỌ́RÚ NÌKAN", tàbí ọjọ́ yòówù tí ti yín bá jẹ́. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ bíi fítámì lè ti ibẹ̀ kú. Folic acid ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kẹ́ ẹ fo ọjọ́ methotrexate, kẹ́ ẹ lò ó ní ọjọ́ mìíràn, torí iṣẹ́ folic yẹn gan-an ni methotrexate ń dí lọ́wọ́. Bí inú bá sì ń run yín, ẹ má jẹ́ kí kémíìsì ta co-trimoxazole fún yín, èyí tí a mọ̀ sí Septrin. Òun náà ń dí folic lọ́wọ́. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, mùdùnmúdùn inú egungun lè má ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ìyàwó Tíṣà, Èbúté

Tiwa ò gùn. Crohn's, àìsàn tó ń mú ìfun wú, ló ń ṣe ọkọ mi, wọ́n gé apá ìgbẹ̀yìn ìfun rẹ̀ kékeré. Ibẹ̀ gan-an ni ara ti ń gba B12. Ẹ̀dọ̀ màlúù tó jẹ ò lóǹkà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń kú tipiri. Abẹ́rẹ́ B12 ló tún un ṣe, á sì máa gbà á lọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kọ ỌJỌ́ ẸTÌ sára páálí. Diclofenac, bẹ́ẹ̀ ni, mò ń lò ó, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mi ò kà á mọ́ òògùn rárá, inú pọ́ọ̀sì ló ń gbé.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀fọ́ tí wọn ò bọ̀, tí wọn ò fún, ìdọ̀tí ni, pé ìdí tí ara mi ò fi yá nìyẹn.

Sísí Oúnjẹ

Ẹ kú alẹ́, màmá. Iṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn ni mò ń ṣe, ọmọ Ìkòròdú ni mí. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín o, ṣùgbọ́n lórí eléyìí, ọwọ́ tó ń dùn yín ló ṣe yín lóore.

Ẹ rántí omi aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣàn lọ nígbà tẹ́ ẹ bá fún tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ. Folic, fítámì C àti potásíọ̀mù máa ń bá omi yẹn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo methotrexate, tẹ́ ẹ ń ra folic ní kémíìsì, ẹ tún ń da folic sí gọ́tà! Ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ kó mọ́, ẹ gé e lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, kẹ́ ẹ dà á sínú ọbẹ̀ tó ti jinná, kó jó díẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́. Ewúro nìkan ni mi ò lè bá yín jà lé lórí.

Ṣùgbọ́n Kẹ́mi, ìwọ ní tìẹ, gé e wẹ́wẹ́, bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kó o da omi náà nù. Potásíọ̀mù tí mo ní kí màmá má dà nù ni mo fẹ́ kí o dà nù. Bí o bá fẹ́ jẹ iṣu, ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ̀wà: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ da omi rẹ̀ nù. Ohun kan wà lára ẹ̀wà àti ọkà tó máa ń di irin àti síńkì mú, rírẹ máa ń dín in kù, kíkan tí a ń jẹ́ kí ọ̀gì kan sì ń dín in kù. Ẹ jẹ gúáfà tàbí ọsàn tẹ̀ lé e, fítámì C á fa irin inú ẹ̀wà wọlé. Gúáfà pàápàá, fítámì C tó wà nínú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọsàn tó wúwo bákan náà. Tíì ni kẹ́ ẹ má mu tẹ̀ lé oúnjẹ, kì í jẹ́ kí ara gba irin tó bó ṣe yẹ. Ẹ má lo oníhóró kálísíọ̀mù àti oníhóró irin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálísíọ̀mù máa ń dí irin lọ́nà.

Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ Kẹ́hìndé: ṣé èyí tí wọ́n ní ó wà fún irun àti èékánná wà nínú mẹ́jọ yẹn?

Ìyá Ìbejì Sábó

Ó wà ńbẹ̀. Biotin 10,000 ló kọ sí i. Irun mi ń já ni mo ṣe rà á.

Sísí Oúnjẹ

Ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ti ń lò ó kó tó gba ẹ̀jẹ̀ yín. Biotin tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń da èsì àwọn tẹ́ẹ̀sì kan rú, ti gọ̀gọ̀ńgọ̀ (thyroid) àti ti àyà pàápàá; ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ rẹ̀ ní 2017. Síńkì onílọ̀ọ́po mẹ́ta yẹn náà: bó bá ti ń kọjá 40 mílígíráàmù lóòjọ́ tó sì pẹ́, kì í jẹ́ kí ara gba kọ́pà, àìtó kọ́pà sì tún ń fa kí ẹ̀jẹ̀ má tó. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń fi owó yín ra àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Ni Mí

Mo ti ń ka tèmi náà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé mélòó.

Ìyá Ìbejì Sábó *(ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà)*

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣe tẹ́ẹ̀sì. Owó ferritin dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. 22 ló jẹ́. Ìwé lábù kọ "normal" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó fà á lé mi lọ́wọ́ tún ní, "Mama, you are okay." Ọpẹ́lọpẹ́ Nọ́ọ̀sì. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú CRP tó ga, ó wò ó, ó ní àká ṣófo, ó sì tún tì pa pẹ̀lú. Ó gba diclofenac lọ́wọ́ mi, ó ní kí wọ́n ki ẹ̀rọ wo inú mi. Ọgbẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, mo ti ń lo òògùn rẹ̀. Ó fi kún òògùn làkúrègbé mi. Irin, hóró kan, bí mo bá lò ó lónìí, màá fo ọ̀la, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó ní ara ń gbà á dáadáa bẹ́ẹ̀, inú ò sì ní dùn mí tó ti tẹ́lẹ̀. Gúáfà ni mo fi ń gbé e mì. Fítámì D mi wálẹ̀, ó kọ ọ́ fún mi, òun ló sì kọ iye rẹ̀, Bàbá Odógùnyàn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Mẹ́jọ tí mo rà, ó fojú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dá ìkankan padà fún mi.

PCV ti di 32. Mo lọ ọjà, mo bọ̀, mi ò jókòó. Ìyá ọkọ mi ṣì ń wá bá mi fún ẹ̀fọ́ bí mo bá ti wẹ̀yìn. Kẹ́hìndé ti fi náílọ̀nù dúdú yẹn ra ata.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣáwá tí mo rà ní Sábó, iyanrìn kún un. Ta ni màmá ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Ni Mí

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mò ń bọ̀ ní Ìkòròdú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá. Mo mú kílò méjì?